Kó lè dúró kó tó lè sáré: àkọsílẹ̀ àtúnṣe lọ́rì ológun GMC CCKW

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe bí ọkọ̀ ológun àtijọ́ bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ni pé wọ́n á wá bátìrì, wọ́n á da epo díẹ̀ sí kábúrétọ̀, wọ́n á sì fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Mo mọ bó ṣe máa ń wu èèyàn tó. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ti dún tán, ta ni kò ní fẹ́ fi í sí gíà? Lọ́rì yìí wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù márùn-ún láìgbé ẹrù kankan. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ tí kò sí bíréèkì, kò sí ọwọ́ tó lè dá a dúró. Ìdí nìyẹn tí a fi tò ó báyìí: táyà àti bíréèkì ló ṣáájú, iná tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà epo àti ẹ́ńjìnnì, ọ̀dà ló kẹ́yìn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe lọ, pẹ̀lú àwọn ibi tí iṣẹ́ ti kọ̀ kó tó gbà.

GMC CCKW jẹ́ lọ́rì tí wọ́n ṣe láti gbé ẹrù tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lò káàkiri nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́n ṣe é láti 1941 títí di 1945, iye rẹ̀ sì ju 500,000 lọ. Orúkọ rẹ̀ ló ń ṣàlàyé irú ọkọ̀ tó jẹ́. C àkọ́kọ́ dúró fún ọdún 1941 tí wọ́n gbé irú rẹ̀ jáde, C kejì fún ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú ibi tí awakọ̀ jókòó, K fún ẹsẹ̀ iwájú tó ń fà, W fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì tó tẹ̀ léra tí àwọn náà ń fà. Tiwa jẹ́ 353, ìyẹn èyí tó gùn: ínǹṣì 164 ló wà láti ẹsẹ̀ iwájú dé àárín àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Èyí tó kúrú, 352, jẹ́ ínǹṣì 145. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sílíńdà mẹ́fà tó tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, ó tó lítà 4.4, bátìrì fólítì 6 ló sì ń lò.

Bí ó ṣe wà nígbà tó dé ọwọ́ wa: ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí tí a bá fi ọwọ́ yí i, dúrọ́ọ̀mù bíréèkì mẹ́ta ti gan, másítà sílíńdà tó ń ti ọ́ìlì bíréèkì gbẹ fúrúfúrú, eku ti jẹ aṣọ ara wáyà, táńkì epo sì ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ nítorí ìpẹtà tó ti ṣí kúrò lára rẹ̀. Àmì ìlò àwọn ológun ṣì hàn lára ṣáásì, ìyẹn egungun irin tó gbé ọkọ̀ ró, ṣùgbọ́n kò tẹ̀, kò sì là.

Ìpele 1: Àkọsílẹ̀ kí sípánà tó kàn án

Kí a tó tú bóòtù kan, a ya àwòrán gbogbo ibi tí ọwọ́ máa kàn: ọ̀nà tí páìpù bíréèkì gbà, bí wáyà ṣe wọlé, ibi tí wáṣà tó nípọn wà àti ibi tí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà. A lẹ nọ́ńbà mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan, a sì kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé pẹ̀lú ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ. Nọ́ọ̀tì ibì kan kì í bá ti ibòmíì sùn nínú ike kan náà.

Ìwé tí ẹni tó bá fẹ́ tún CCKW ṣe kò gbọ́dọ̀ má ní ni TM 9-801, ìwé ìtọ́sọ́nà tí àwọn ológun Amẹ́ríkà ṣe fún awakọ̀ àti mẹkáníìkì. Gbogbo ìwọ̀n tí mi ò bá kọ síbí, inú rẹ̀ ni kí ẹ ti wò ó.

Kí ẹ tó ra pààtì kankan, ẹ wo abẹ́ ọkọ̀. Oríṣi ákísù méjì, ìyẹn irin tó dábùú láàárín táyà ọ̀tún àti òsì, ni wọ́n fi sí CCKW. Ilé gíà ti àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀nà méjì tí wọ́n fi bóòtù so pọ̀ láàárín, Timken ló ṣe é. Ti èkejì jẹ́ ẹyọ kan tó ní ìdérí roboto lẹ́yìn, banjo ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ pààtì ọ̀kan kò bá èkejì mu. Ẹni tó ń tà lè máà mọ̀ ọ́n yàtọ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ mọ̀ ọ́n.

Irinṣẹ́ tí a lò jù: sọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá pẹ̀lú ọ̀pá gígùn, jáàkì tó lè gbé tọ́ọ̀nù mẹ́wàá, ìdúró irin mẹ́rin, púlà tí a fi ń fa nǹkan yọ, búrọ́ọ̀ṣì wáyà, irinṣẹ́ tí a fi ń ṣí ẹnu páìpù, mítà iná, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rá tí a lè kọ nǹkan sí lára.

Ìpele 2: Táyà àti rìímù

Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Rìímù CCKW kì í ṣe ẹyọ kan bíi ti ọkọ̀ òde òní. Òrùka irin kan ló di táyà mú sára rìímù, atẹ́gùn inú táyà ló sì ń tẹ òrùka náà mọ́ àyè rẹ̀. Bí òrùka bá ti dípẹtà, tó bá tẹ̀, tàbí tí kò bá jókòó dáadáa, ó lè fò jáde nígbà tí a bá ń fọ́n atẹ́gùn sí i. Ó ti pa àwọn èèyàn rí.

Nítorí náà, kí a tó fi sípánà kan nọ́ọ̀tì táyà kankan, a yọ ojú fáàfù táyà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kí atẹ́gùn inú wọn lè jáde tán. Nínú àwọn táyà ẹ̀yìn tí wọ́n jẹ́ méjì-méjì, ẹ tú atẹ́gùn ti inú àti ti ìta. Èyí tó wà nínú ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé.

Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀tì. Ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀ ní tíréèdì òdì, ìyẹn ni pé ọwọ́ ọ̀tún lẹ máa yí i sí kó tó tú. Ẹ wo orí èèkàn tí nọ́ọ̀tì wọ̀, ẹ máa rí lẹ́tà L lára rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ á máa fi gbogbo agbára rẹ̀ fún un le sí i títí èèkàn á fi kán. Nítorí ìpẹtà àti ọ̀dà tó ti bo lẹ́tà náà, a kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà fọ orí èèkàn kọ̀ọ̀kan kí ojú wa lè tó o.

Bí a ṣe tú rìímù tán, a fọ̀ ọ́ dé ibi irin gan-an. Òrùka méjì ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí ó ti tẹ̀, a sì kó wọn dànù. A kò jó òrùka, a kò jó rìímù. Irin tí iná ìjórin bá ti kàn kò ṣeé gbọ́kàn lé mọ́ níbi tí atẹ́gùn ti ń tì í. Táyà tuntun 7.50-20 wọlé pẹ̀lú túùbù àti rọ́bà ìdábòbò rẹ̀. Inú àgò irin la ti fọ́n atẹ́gùn sí wọn, pẹ̀lú ọ̀pá atẹ́gùn gígùn tí ẹnu rẹ̀ ń di fáàfù mú fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa dúró lọ́ọ̀ọ́kán òrùka.

Nígbà tí a bá ń dá táyà ẹ̀yìn padà, nọ́ọ̀tì inú ló ń di táyà inú mú, ti ìta á wá gun orí rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ti inú ṣì le lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rìn díẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ dẹ ti ìta ná. Ẹ ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má dẹ gbogbo rẹ̀ pa pọ̀.

Ìpele 3: Bíréèkì

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù nìyí, ibẹ̀ náà lowó sì bá lọ jù.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ẹsẹ̀ awakọ̀ ń ti másítà sílíńdà kan ṣoṣo, ọ́ìlì inú rẹ̀ gba páìpù lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Hydrovac sì ń fi agbára fífà tó wá láti mánífóòlù, ìyẹn ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, kún agbára ẹsẹ̀. Ọkọ̀ òde òní pín páìpù bíréèkì sí ọ̀nà méjì kí ọ̀kan lè ṣiṣẹ́ bí èkejì bá bẹ́. Èyí kò pín. Páìpù kan tó bá bẹ́, ibi yòówù kó jẹ́, gbogbo bíréèkì ẹsẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ohun tó jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọn pé ká pààrọ̀ gbogbo páìpù láìdá ọ̀kan sí nìyẹn, títí kan àwọn tó dà bíi pé wọ́n ṣì dára.

Bíréèkì ọwọ́ pẹ̀lú ní tirẹ̀. Kì í di táyà mú, ara sáfùtì tó ti inú àpótí gíà kejì jáde ló ń dì. Bí ẹ bá fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan kúrò nílẹ̀, dífírẹ́ńṣà, ìyẹn gíà àárín ákísù, lè jẹ́ kí ẹsẹ̀ yẹn máa yí lófìfo, kí ọkọ̀ sì máa rọra lọ, tòun ti bíréèkì ọwọ́ tí ẹ ti fà. Ẹ fi wẹ́jì dí àwọn táyà tó wà nílẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ gbé ṣáásì lé ìdúró irin. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e.

Yíyọ dúrọ́ọ̀mù. Mẹ́ta jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn mẹ́ta tó gan, òòlù ńlá la kọ́kọ́ gbìyànjú, kò sì ṣe nǹkan kan. Irin dúrọ́ọ̀mù kì í tẹ̀, ńṣe ló ń là, nítorí náà a dáwọ́ rẹ̀ dúró kíákíá. Ohun tó ń dì í mú ni pé dúrọ́ọ̀mù ti jẹ ní àárín, etí rẹ̀ kò jẹ, ṣúù (irin tó ń tẹ dúrọ́ọ̀mù láti inú) sì há sẹ́yìn etí náà. A yí èèkàn tí a fi ń sún ṣúù padà sẹ́yìn dé ibi tó lè dé, a wọ́n ọ́ìlì fẹ́lẹ́ sí àárín híọ́ọ̀bù, a fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà náà la fi púlà há a, à ń fún un díẹ̀díẹ̀, à ń fi òòlù kékeré kàn án yí ká. Ó jáde.

Eruku inú dúrọ́ọ̀mù àtijọ́ kì í ṣe ohun tí a ń fi kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ fẹ́. Láínìn ìgbà yẹn, ìyẹn ohun tí wọ́n fi bo ojú ṣúù, ní asbestos nínú, eruku rẹ̀ a máa fa jẹjẹrẹ àti àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí kì í lọ. A fi omi ọṣẹ rin gbogbo rẹ̀, a fi àkísà nù ún, a di àkísà náà sínú ọ̀rá nígbà tó ṣì tutù. Ìbòmú tó ń sẹ́ eruku kíkúnná ló wà lójú wa, kì í ṣe aṣọ.

Sílíńdà ẹsẹ̀, èyí tó ń ti ṣúù mọ́ dúrọ́ọ̀mù. Ibí lohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ti ju èje lọ. Lójú, wọ́n dára. Nígbà tí a fa písítìn yọ, ihò wínníwínní kún inú wọn níbi tí omi ti jókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún. A fi sáńpépà kíkúnná gbìyànjú wọn. Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò rọrùn: ẹ ki èékánná bọ inú rẹ̀, bí èékánná bá ṣì ń kọ́, rọ́bà kò ní lè di ọ́ìlì mú níbẹ̀. Méjì péré ló yè é. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ léèsì gbẹ́ inú àwọn yòókù fẹ̀, ó ti ọ̀pá irin tí kì í dípẹtà wọ inú wọn, ó sì gbẹ́ ẹ padà sí ìwọ̀n tó ti wà látilẹ̀. Ó wọ́n ju sílíńdà tuntun tí kò lórúkọ lọ, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọn pátápátá, nítorí irin inú rẹ̀ á pẹ́ ju irin ti ilé iṣẹ́ fi ránṣẹ́ lọ.

Páìpù. A lo èyí tí wọ́n fi bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì pò. Kì í dípẹtà, ó sì rọrùn láti tẹ̀. Ẹ má lo bàbà lásán, nítorí pé gbígbọ̀n ọkọ̀ á mú un là lọ́jọ́ kan. Ẹ gbé páìpù àtijọ́ sílẹ̀ lódindi kí ẹ lè tẹ tuntun bá a mu. Ẹ ti nọ́ọ̀tì bọ páìpù kí ẹ tó ṣí ẹnu rẹ̀, ẹnu náà sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́ po lẹ́ẹ̀méjì kó tó lè di ọ́ìlì mú. Rọ́bà mẹ́ta tó so páìpù ṣáásì mọ́ ákísù, tuntun ni gbogbo wọn.

Ọ́ìlì bíréèkì. DOT 5 la lò, èyí tí wọ́n fi silikóònù ṣe. Ọkọ̀ tó ń dúró pẹ́ kó tó jáde ló bá mu jù, torí kì í fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra bíi DOT 3 àti DOT 4, kì í sì í ṣí ọ̀dà. Ṣùgbọ́n òun àtàwọn yẹn kì í gbé inú ilé kan náà. Bí ọkọ̀ yín bá ti ń lo DOT 3 tẹ́lẹ̀, tí ẹ kò sì pààrọ̀ rọ́bà àti páìpù, ẹ máa lo DOT 3 yín lọ. Ẹ má ṣe fi epo bẹntiróòlù fọ rọ́bà bíréèkì láéláé, yóò wú.

Yíyọ afẹ́fẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a parí rẹ̀, ẹsẹ̀ bíréèkì rọ̀ bíi pé èèyàn ń tẹ fóòmù. A tún yọ afẹ́fẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, láti ibi tó jìnnà jù wá sí ibi tó sún mọ́ jù, kò yàtọ̀. A wá sún ṣúù mọ́ dúrọ́ọ̀mù dáadáa, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi ń ha díẹ̀, ká tó dá a padà díẹ̀. Ìyẹn gba nǹkan bí ìdajì ìrìn ẹsẹ̀ bíréèkì kúrò, ó ṣì rọ̀.

Ohun tó kù ni Hydrovac. Ó ní ibi ìyọfẹ́fẹ́ tirẹ̀, òun ló sì yẹ kó ṣáájú ẹsẹ̀ gbogbo, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ní pípa. Nígbà tí a ṣí i, afẹ́fẹ́ ń hó jáde. Èkejì ni pé DOT 5 kì í fẹ́ kí wọ́n máa gbá ẹsẹ̀ mọ́ òun kíákíá, nítorí ó máa ń há ìfófòó kéékèèké mọ́ra. A fi ọkọ̀ sílẹ̀ di òwúrọ̀, a wá tún un ṣe jẹ́jẹ́: tẹ̀ ẹ́ lọ sílẹ̀, ṣí i, tì í, jẹ́ kó gòkè, sinmi. Ẹsẹ̀ bíréèkì wá le.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, a fọ béárìn ẹsẹ̀ gbogbo, a fi gíríìsì tuntun kún wọn láti inú wá sí ìta, a sì pààrọ̀ síìlì wọn. Síìlì tó bá ń jò gíríìsì sí ara láínìn ti ba gbogbo iṣẹ́ bíréèkì jẹ́.

Ìpele 4: Iná fólítì 6

Wáyà àtijọ́ kò ṣeé tún lò. A gbé odindi rẹ̀ sílẹ̀ lórí pátákó, a na wáyà tuntun bá a mu ní gígùn àti ní àwọ̀, a fi aṣọ wáyà bò ó kó lè jọ ti ìgbà náà.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí sítátà, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dá fólítì 6 lẹ́bi. Ti wa ń yí bíi pé oorun ń kùn ún. A pààrọ̀ bátìrì, kò sàn. A tú sítátà, a fọ inú rẹ̀, a pààrọ̀ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó sàn díẹ̀. A wá fi mítà wọn ohun tó ń sọnù lójú ọ̀nà nígbà tí sítátà ń yí: ẹnu mítà kan lórí bátìrì, ìkejì lára ẹ́ńjìnnì. Fólítì tó lé ní 1 ló ń ṣòfò lọ́nà ilẹ̀ nìkan, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gba ara irin ọkọ̀ padà sí bátìrì. Nínú 6, ìyẹn pọ̀ jù.

Ìdí rẹ̀ ni pé, fún agbára kan náà, fólítì 6 ń gba ìlọ́po méjì ìṣàn iná tí fólítì 12 ń gbà. Wáyà bátìrì tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀ kékeré òde òní tín-ín-rín jù fún un. A fi wáyà tó nípọn tó 70 mm² rọ́pò rẹ̀, a ha ọ̀dà kúrò níbi tí wáyà ilẹ̀ ti kan ṣáásì títí irin fi ń dán, a sì na wáyà ilẹ̀ mìíràn láti ẹ́ńjìnnì sí ṣáásì. Nígbà tí a tún wọ̀n ọ́n, ohun tó ń sọnù kò tó 0.2. Sítátà ń yí kíákíá. Kò sí ìdí tí a fi máa sọ ọ́ di fólítì 12.

Súwíìṣì iná CCKW ní ìdíwọ́ kan tí kò jẹ́ kí awakọ̀ ṣèèṣì fà á kọjá iná òkùnkùn dé iná ńlá. Iná òkùnkùn yìí ni àwọn iná kékeré tí ojú wọn tín-ín-rín, tí wọ́n fi ń rìn lóru kí ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá má bàa rí wọn. Ti wa ti di, ẹnì kan ti já ìdíwọ́ náà kúrò nígbà kan. A wá súwíìṣì mìíràn tó pé. Ọkọ̀ tí a ń dá padà sí bó ṣe wà, ó yẹ kó ní èyí.

Ìkìlọ̀ kan lórí géèjì: bí nọ́ńbà ojú rẹ̀ bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n kùn kó lè máa tàn lókùnkùn, ẹ má ṣí dígí rẹ̀, ẹ má sì ha ọ̀dà náà. Radium, ohun tó ń tú ìtànṣán tó léwu jáde, ni wọ́n fi ń ṣe irú rẹ̀ nígbà yẹn, agbára rẹ̀ kò sì tíì kú.

Ìpele 5: Táńkì epo

Táńkì náà ń gba gálọ́ọ̀nù 40 ti Amẹ́ríkà, nǹkan bíi lítà 151. A kọ́kọ́ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà títí kò fi sí òórùn epo kankan mọ́. Oru epo inú táńkì òfìfo ló ń gbiná jù.

A kó ṣéènì sínú rẹ̀, a ń yí i kiri. Ó gbọn èyí tó ti ṣí kúrò, ṣùgbọ́n igun ẹ̀yìn àwọn irin tó dábùú inú rẹ̀ kò mọ́. A wá lo iná mànàmáná. Ẹ po sódà ìfọṣọ mọ́ omi, ẹ kún táńkì. Ẹ ki ọ̀pá irin bọ inú rẹ̀ láìjẹ́ kó kan ara táńkì níbi kankan. Ẹ so ẹnu ṣájà tó jẹ́ pọ́sítífù mọ́ ọ̀pá, nẹ́gátífù mọ́ táńkì. Ìpẹtà á máa kúrò lára táńkì, ọ̀pá ló máa jẹ. Ẹ má lo irin tí kì í dípẹtà ṣe ọ̀pá, majele ló ń sọ omi náà dà. Ẹ ṣe é ní gbangba ìta, torí gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ a máa gbiná. Nígbà tó mọ́ tán, a fi omi ṣàn án, a fi atẹ́gùn gbígbóná gbẹ ẹ́ kíá, a sì yí ọ́ìlì fẹ́lẹ́ káàkiri inú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá fi irin mímọ́ sílẹ̀ ní tútù, ìpẹtà tuntun á ti wà lára rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Rọ́bà inú pọ́ọ̀ǹpù epo di tuntun, èyí tí epo òde òní tó ní ethanol nínú kò lè jẹ. Kábúrétọ̀ Zenith, a fọ̀ ọ́, a pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó parí.

Ìpele 6: Ẹ́ńjìnnì

A yọ pọ́lọ́ọ̀gì, a kán ọ́ìlì fẹ́lẹ́ sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, a sì fi ọ̀pá ìyínà iwájú yí i lọ́wọ́ jẹ́jẹ́. Ẹ fi àtàǹpàkò yín sí ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú àwọn ìka yòókù. Bí ẹ́ńjìnnì bá dá ọ̀pá náà padà, àtàǹpàkò tó bá gba òdìkejì ni yóò kán.

A sọ páànù ọ́ìlì kalẹ̀, a sì dúpẹ́ pé a ṣe bẹ́ẹ̀, ẹrẹ̀ dúdú nípọn nísàlẹ̀ rẹ̀ dé ibi tí pọ́ọ̀ǹpù ti ń fa ọ́ìlì. Lẹ́yìn tí a fọ̀ ọ́ tán, tí a ṣètò pọ́íǹtì tó ń dá iná pọ́lọ́ọ̀gì gẹ́gẹ́ bí TM 9-801 ṣe wí, tí a sì so wáyà pọ́lọ́ọ̀gì ní ètò 1-5-3-6-2-4, ó dún. Kò ṣe wàhálà kankan, ohùn rẹ̀ sì dùn.

Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni góbánọ̀ abẹ́ kábúrétọ̀, èyí tó ń dá ìyára ẹ́ńjìnnì dúró. Àwo irin inú ọkọ̀ sọ pé kò gbọ́dọ̀ kọjá máìlì 45 ní wákàtí kan. Láti 25 oṣù Kẹjọ sí 16 oṣù Kọkànlá ọdún 1944, irú lọ́rì yìí ló ń kó epo, ọta àti oúnjẹ tọ àwọn ọmọ ogun lọ lójú ọ̀nà Red Ball Express ní ilẹ̀ Faransé. Nǹkan bíi mẹ́ta nínú awakọ̀ mẹ́rin níbẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń wà á, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń yọ góbánọ̀ kí wọ́n lè tètè dé. Wọ́n ní ìdí tiwọn, ogun ni. Àwa kò ní irú ìdí bẹ́ẹ̀. A wá góbánọ̀ kan, a sì dá a padà, nítorí ìyára tó ń gbà ni bíréèkì yìí lè dá dúró.

Pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, a wá lè yẹ Hydrovac wò. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ ẹsẹ̀ bíréèkì lẹ́ẹ̀mélòó kan kí agbára fífà inú rẹ̀ tán, ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ sì sáná sí ẹ́ńjìnnì. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ bàtà yín. Tiwa rọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, èéfín funfun ń jáde lẹ́yìn, ọ́ìlì bíréèkì sì ń dín kù láìsí ibi tó ń jò. Síìlì inú Hydrovac ló ń jẹ́ kí ọ́ìlì kọjá, mánífóòlù ń fà á, ẹ́ńjìnnì ń jó o. Bí ẹ bá rí àmì méjèèjì yìí pa pọ̀, ẹ má wá a lọ síbòmíì. A tú u, a fi síìlì tuntun sí i, a tún yọ afẹ́fẹ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìpele 7: Wíǹṣì iwájú

Ọkọ̀ wa wà lára àwọn tó ní wíǹṣì níwájú, tó lè fa 10,000 pọ́ńdù, nǹkan bíi kílò 4,500. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí i nípasẹ̀ sáfùtì kan tó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá. Pín-ìnnì kan wà lára sáfùtì yẹn tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi irin rírọ̀ ṣe, kó lè kán bí ẹrù bá ti wúwo jù. Bóòtù líle la bá níbẹ̀. Ẹni tó fi í síbẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́ láti máa pààrọ̀ pín-ìnnì ni, ṣùgbọ́n bí pín-ìnnì kò bá kán, gíà wíǹṣì tàbí okùn irin ló máa já, ojú èèyàn ló sì máa já sí. A yọ ọ́, a fi pín-ìnnì tó yẹ sí i, a sì di mélòó kan mọ́ inú àpótí irinṣẹ́ ọkọ̀.

Okùn irin tuntun, ọ́ìlì gíà tuntun. Ẹ má tú okùn tán lórí wíǹṣì. Ìyíká mẹ́rin tàbí márùn-ún gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù. Kí ẹnikẹ́ni má sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn tó ń fà.

Ìpele 8: Ọ̀dà àti nọ́ńbà

Àwọn ọ̀dà ìgbà yẹn lè ní òjé nínú, nítorí náà sáńpépà olómi la lò, pẹ̀lú ìbòmú. Lára ìdérí ẹ́ńjìnnì, a rọra ń yọ ọ̀dà ní ìpele kọ̀ọ̀kan, à ń wá nọ́ńbà ológun tó ti wà níbẹ̀. Nọ́ńbà irú lọ́rì yìí ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4. Búlúù ṣíṣú ni wọ́n fi ń kọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ogun, wọ́n wá padà sí funfun. Díẹ̀ ló yọjú lára tiwa, 4 àti nọ́ńbà mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ìyókù ti lọ pẹ̀lú irin tí wọ́n ti pààrọ̀ rí. A tún èyí tí a rí kọ ní àyè rẹ̀, a sì fi àyè ìyókù sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan. Mi ò gbà pé ká dá nọ́ńbà sílẹ̀ fún ọkọ̀ tó ti ní tirẹ̀.

Ọ̀dà ewé olífì tí kì í dán la fi kùn ún, lórí ọ̀dà ìdènà ìpẹtà.

Ìpele 9: Ìdánwò

Orí ilẹ̀ títẹ́jú tó dá la ti bẹ̀rẹ̀, ní gíà kìíní, pẹ̀lú ẹni tó dúró ti bíréèkì ọwọ́. Lẹ́yìn náà máìlì 10 ní wákàtí kan, 20, 30. Ó ń dúró ṣánṣán, kò yà sí ọ̀tún, kò yà sí òsì.

Nígbà tó rìn dáadáa, a fi ẹ̀rọ tó ń wọn ooru láìfọwọ́kàn yẹ dúrọ́ọ̀mù wò. Márùn-ún wà ní nǹkan bí 60°C. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn apá òsì lé ní 100. Ṣúù rẹ̀ kò padà tán. A rò pé a sún un mọ́ dúrọ́ọ̀mù jù, a dẹ̀ ẹ́, ooru náà kò yí padà. Sípíríńgì tó ń fa ṣúù padà ló ti nà: a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹsẹ̀ kejì, ó gùn jù ú lọ. A pààrọ̀ sípíríńgì ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, torí ọjọ́ orí kan náà ni gbogbo wọn. Ní ìrìn tó tẹ̀ lé e, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sún mọ́ra.

Ohun tó kù: síìlì oríkèé ẹsẹ̀ iwájú apá ọ̀tún ṣì ń sun gíríìsì díẹ̀, pákó méjì níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí lẹ́yìn ti rà, géèjì epo sì ń fi ìdajì hàn nígbà tí táńkì kún. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti rin máìlì 200, a ó tún tú dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn méjì, a ó wo láínìn àti síìlì, a ó sì tún sún ṣúù kọ̀ọ̀kan kí a tó jẹ́ kó gbé ẹrù.